Ibùsọ̀: Ìgbáradì fún Ìrìn Jíjìn Nínú Ìlú Ìbàdàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe yìí kò sọ pé dandan ni kí ènìyàn fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó rí ohun ìyanu. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni ó ti wọ ọkọ̀ kọjá Mápó, Bẹẹrẹ, Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá ní àìmọye ìgbà, tí wọn kò sì mọ ìdí tí ọjà fi wà níbi tí ó wà, tàbí ìdí tí a fi ń pe ibì kan ní Géètì nígbà tí kò sí ẹnu odi níbẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ a máa gbé ni dé ibi tí à ń lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a rí ohun tí ó wà láàrin ibi tí a ti wọ̀ ọ́ àti ibi tí a ti sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi yé ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìbàdàn dájú, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín láti àárín gbùngbùn dé etí ìlú. Ìrìn náà ju ibùsọ̀ 10 lọ. Kì í ṣe ohun tí a ń jí lójijì lọ́jọ́ kan ṣe. Ó gba ìgbáradì. Ọ̀nà tí ó sì dára jù lọ láti gbáradì ni kí a tẹ̀ lé bí ìlú náà fúnra rẹ̀ ṣe dàgbà, ní ìpele-ìpele.

Kí ni ibùsọ̀?

Lónìí, bí a bá sọ pé ibùsọ̀ kan, máìlì kan ni à ń wí, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kìlómítà kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ẹnu wa kí ìwọ̀n òyìnbó tó dé. Kí ènìyàn gbé ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ ni à ń pè ní kí ó sọ̀. Ibùsọ̀ ni ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sọ̀, tí wọ́n ti ń mu omi, tí wọ́n ti ń na ọrùn, kí wọ́n tó tún ẹrù gbé. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìsinmi ni àwọn baba wa fi ń wọn ọ̀nà. Nígbà tí máìlì dé, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ru ẹrù ni a fi pè é.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí ẹrù ni ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn sójú ọ̀nà láyé àtijọ́. Nígbà tí à ń ná owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò tí ó gba ẹyọ 20,000, ni ẹrù tí a kà sí ti ènìyàn kan. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ fi ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ra ọjà ní ìlú mìíràn ní láti wá ènìyàn mẹ́wàá tí yóò ru owó lásán, kí ó tó ronú kan àwọn tí yóò ru ọjà bọ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ ẹrù, kò sí mọ́tò. Orí àti ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ni ọkọ̀ ilẹ̀ wa.

Nítorí náà, ní gbogbo ibi tí a ó ti sinmi nínú ìrìn yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi ara wa: Ta ni ó sọ̀ síbí rí? Kí ni ó rù? Ti ta ni ẹrù náà?

Ìpele kìn-ín-ní: Ọjà'ba, Mápó àti Òkè Ààrẹ

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829. Lẹ́yìn ogun Òwu, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn kan lára Ẹ̀gbá, tẹ̀dó sí ìlú Ẹ̀gbá kékeré kan tí ó ti di ahoro ní ẹ̀bá ọ̀dàn, níbi tí igbó ti pàdé pápá. Máyẹ̀ Òkúnadé, jagunjagun ará Ifẹ̀, ni olórí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọjà ni ó wà ní àárín ibùdó náà, àwọn olórí ogun sì kọ́ ilé yí i ká. Nígbà tí Olúyọ̀lé di alágbára tí ó sì jẹ Baṣọ̀run, oyè rẹ̀ ni a fi ń pe ọjà náà: Ọjà Ìba, èyí tí ẹnu gbogbo ènìyàn sọ di Ọjà'ba. Olúyọ̀lé kú ní ọdún 1847, ṣùgbọ́n ọjà náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Ibẹ̀ ni kí ìgbáradì ti bẹ̀rẹ̀. Láti Ọjà'ba, a lè gun Òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní ọdún 1929 dúró sí. Láti ibẹ̀ a lè kọjá sí Òkè Ààrẹ, níbi tí a kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan sí ní ọdún 1936, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60. Nítorí pé àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yípo ni àwọn ará ìlú ṣe ń pè é ní Láyípo. Ìrántí Captain Bower ni ilé ìṣọ́ náà. Òun ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn oṣù kẹjọ ọdún 1893. Ìlú tí ó ti ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú àwọn ẹlòmíràn wá gba ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè wọ̀nyí kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ ìdí tí àwọn jagunjagun fi fẹ́ràn ibẹ̀ fún un. Láti orí òkè, a óò ti rí ọ̀tá kí ó tó dé.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹni tí ń gbáradì má ṣe kọjá ibùsọ̀ 2 sí 3 lóòjọ́, lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Gígun òkè àti sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ yóò le orókùn àti ẹran ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, ìrìn rẹ̀ kò yá jù. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ó dẹ ẹsẹ̀.

Ìpele kejì: Kúdẹtì, odi àti bodè

Bí ìlú ṣe ń gbòòrò, ó nílò odi. Orúkọ Balógun Ibíkúnlé, tí ó kú ní ọdún 1864, ni a fi ń pe èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn: Odi Ibíkúnlé. Níbi tí ọ̀nà bá ti la odi kọjá ni bodè wà. Oníbodè ń ṣọ́ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, ó sì ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Odi ti wó, ilé ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n Géètì tí ó wà ní Agodi ń rán wa létí pé ìlú yìí ní ẹnu-ọ̀nà nígbà kan rí, àti pé wíwọlé àti jíjáde kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí Kúdẹtì. Ní ọdún 1851 ni David Hinderer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, kọ́kọ́ wá sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1853 ni òun àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ọdún 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè. Nǹkan bí ibùsọ̀ 18 ni ó wà láàrin ìlú méjèèjì, ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun sì fi ń rìn ín pẹ̀lú ìbọn, ẹ̀tù àti oúnjẹ lórí. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862. Síbẹ̀, ìṣẹ́gun kò ṣí ọ̀nà. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, tó bẹ́ẹ̀ tí tọkọtaya Hinderer fi wà nínú àìní oúnjẹ àti aṣọ títí di ọdún 1865. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892 ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú tó wá ṣí gbayawu. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún ẹni tí ó ń rìn fàlàlà láti Kúdẹtì sí Géètì lónìí. Àwọn kan ti gbé ìlú yìí tí wọn kò lè jáde.

Samuel Johnson mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Sàró ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1846. Ọmọdé ni nígbà tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ bá Hinderer wá sí Ìbàdàn, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1881, òun ni ó mú ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ sí Èkó láti bẹ ìjọba òyìnbó pé kí wọ́n bá wọn parí ogun Kírìjì. Ní ọdún 1886, òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì. Ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921, gbogbo wa ni a ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ẹsẹ̀ ni a fi kó púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú ìwé náà jọ.

Ní ìpele yìí, ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún, kí a sọ ìrìn tí ó gùn jù lọ nínú ọ̀sẹ̀ di ibùsọ̀ 4, lẹ́yìn náà 5. Ìsinsìnyí ni kí a ti mọ bàtà tí a ó wọ̀ lọ́jọ́ ìrìn gan-an. Bàtà tuntun kì í ṣe ohun tí a ń wọ̀ fún ìrìn jíjìn. Kí ó ti bá ẹsẹ̀ mọ́ra, kí ìbọ̀sẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà lé ròrò. Ibi tí ó bá ń ta ni lẹ́sẹ̀ ní ibùsọ̀ kejì yóò di egbò ní ìkẹjọ.

Àwọn tí kò yàn láti rìn

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan tí kò dùn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rin àwọn ọ̀nà yìí ni ó fẹ́ rìn wọ́n. Ogun ni ó sọ Ìbàdàn di ńlá, ẹrú sì wà lára èrè ogun. Àìlóǹkà ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n dì lókùn wọ ìlú yìí láti Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti ibòmíràn. Àwọn kan di ará oko, àwọn kan di ọmọ ogun, àwọn kan sì ń ru ẹrù àwọn oníṣòwò ńlá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde ní ọdún 1970, mọ Ìyálóde tí eré náà dá lé lórí. Ènìyàn tí ó gbé ayé rí ni. Ọdún 1874 ni wọ́n pa á. Bí a bá ń ka eré náà nínú kíláàsì, ọrọ̀ Ìyálóde àti ìwà rẹ̀ ni a sábà máa ń jíròrò. Bí a bá ka á lẹ́yìn tí a ti rin ibùsọ̀ márùn-ún nínú oòrùn, ìbéèrè mìíràn yóò dìde: ẹrú tí ó ru ẹrù ọlọ́rọ̀ ńkọ́, ta ni ó ń sọ fún un pé kí ó sọ̀? Ibùsọ̀ tí a yìn lẹ́ẹ̀kan wà fún ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní in, olówó rẹ̀ ni ń pinnu ibi tí yóò ti sinmi.

Ìpele kẹta: Ògùnpa, Dùgbẹ̀ àti ojú irin

Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni a ṣí i dé Ìbàdàn, nǹkan bí ibùsọ̀ 120. Ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn di ohun tí ọkọ̀ ojú irin ń parí láàrin ọjọ́ kan. Ibùdókọ̀ rẹ̀ kò sí ní Ọjà'ba. Ìwọ̀-oòrùn ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bí ọkàn ìlú ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn tí ń ra kòkó tẹ̀ lé ojú irin, Dùgbẹ̀ sì di ọjà ńlá. Kòkó náà ni ó bí Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí a parí ní ọdún 1965. Láti Mápó, ọmọ tí ó bá gbé ojú sókè yóò rí i. Bí ó bá sì rìn dé ìdí rẹ̀, yóò mọ̀ lára bí ìlú àtijọ́ ṣe jìnnà sí ìlú tuntun tó.

Ẹ má ṣe fò ju odò Ògùnpa láìdúró. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò náà kún bo ilé àti afárá, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti orí òkè Mápó lọ sí Dùgbẹ̀ yóò ṣàkíyèsí pé ńṣe ni ilẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pé gbogbo omi àwọn òkè wọ̀nyí ibì kan náà ni ó ń dà sí. Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò kì í sábà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ irú èyí lè gba ẹ̀mí là, nítorí ẹni tí ó mọ ibi tí omi ń gbà kò ní da ilẹ̀ síbẹ̀, kò sì ní kọ́lé sójú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ni ti ìpele yìí. Kí ìrìn gígùn ọjọ́ Sátidé di ibùsọ̀ 6, kí ó di 7, kí ó sì dé 8. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti ń lọ sókè, kí ìkẹrin rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ara lè rí ààyè tún ara ṣe. Kí a jáde ní ìdájí, kí oòrùn tó mú. Àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ a máa gbé akèrègbè omi dání, pẹ̀lú oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́ bí àádùn. Ike omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni tiwa. Kí a má dúró de ìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ wá kí a tó mu omi.

Ìpele kẹrin: ọ̀nà Ọ̀yọ́

Láti Dùgbẹ̀, à ń dorí kọ àríwá. Sábó wà ní ìtòsí Mọ́kọ́lá. Ọdún 1916 ni a ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa tí ń ṣòwò obì àti màlúù. Àwọn náà ní ìtàn ẹsẹ̀ tiwọn, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń da màlúù wá láti òkè ọya. Lẹ́yìn náà ni Ṣàngó, lẹ́yìn rẹ̀ ni Yunifásítì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 gẹ́gẹ́ bí Kọ́lẹ́jì Yunifásítì, kí ó tó dé Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà lásán. Láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni a la títì mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní ọdún 1906. Títì yẹn àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó gba ẹrù lórí alábàárù ọ̀nà jíjìn. Ó tu ọrùn wọn lára, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ibùsọ̀ ti di iye kan lásán lójú wa, tí kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń pàdé ènìyàn mọ́. Mọ́níyà, níbi tí ìrìn wa yóò parí sí, ni ibùdókọ̀ ojú irin tuntun wà, èyí tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rìn láti Ọjà'ba gba Dùgbẹ̀ dé Mọ́níyà ti rìn láti ọjà àwọn jagunjagun, kọjá ojú irin ọdún 1901, dé ojú irin ti ọdún 2021. Ó ti fi ẹsẹ̀ ka ìtàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún láàrin òwúrọ̀ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn, kí a dín rírìn kù. Ibùsọ̀ 2 lẹ́ẹ̀mejì ti tó. Ní ọjọ́ náà gan-an, bí a bá ń rin ibùsọ̀ 3 ní wákàtí kan, tí a sì ń sinmi bí ó ti yẹ, a ó dé kí ọ̀sán tó pọ́n jù. Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún láti ọdún 1972, nítorí náà apá òsì ni kí ẹlẹ́sẹ̀ máa rìn níbi tí kò bá ti sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dá lọ. Kí olùkọ́ kan wà níwájú, kí òmíràn wà lẹ́yìn, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù lọ sì máa pinnu bí gbogbo ẹgbẹ́ yóò ṣe yára tó.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ní ọdún 1911, I. B. Akínyẹlé, tí ó padà jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1955, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá. Ó rí i pé àwọn tí ó mọ ìtàn náà ń kú lọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà parun. Ìwé wà nílẹ̀. Ohun tí ó ń parun lónìí ni ẹsẹ̀ tí yóò gbé ìwé náà lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, tí yóò bi àgbàlagbà tí ó jókòó níwájú ilé pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe ibí yìí tẹ́lẹ̀?"

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de owó ìrìn-àjò kí ẹ tó kó àwọn ọmọ jáde. Ibi yòówù tí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà, ọjà àtijọ́ wà níbẹ̀, bodè wà, odò wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibùsọ̀ 2. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ìwé àjákọ dání, kí ẹ sì kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti jókòó: ta ni ó sọ̀ síbí, kí ni ó rù, ti ta ni ẹrù náà?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti sọ̀ ni yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun gbé ẹrù tirẹ̀ dé.